Ìbọn Tó Há Mọ́ Bàbá Lọ́wọ́

Àbúrò Bàbá kò tilẹ̀ tíì jókòó kó tó gbé ìbọn náà kalẹ̀. Inú ọ̀rá dúdú tí àwọn ọlọ́pàá fi dì í fún un ló wà. Ó gbé e sórí tábìlì ìjẹun, ó fi ìka kan ṣoṣo tì í síwájú Gogoro, ó ní, "Òun nìyí. Ìwọ lo máa ń nù ún, àbí ẹlòmíì ni?"

Gogoro sún àga ẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ wọ yàrá, àfi kó tẹrí ba, ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn nìyẹn, ó wá kúrú lórí àga bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè. Òótọ́ ni, òun ló máa ń nu ìbọn bàbá wọn. Gbogbo Sátidé, á tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, á kó ọta inú ìbọn síta, á fi àkísà àti epo nu ihò kọ̀ọ̀kan. Bàbá á fẹ̀yìn ti ògiri, á máa wò ó, á máa yọ ọ́ lẹ́nu pé, "Rọra o. Ìbọn ni, kì í ṣe ìkòkò ìyá ẹ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kó má baà di pé à ń rìn nínú òkùnkùn. Bàbá ń ṣe gáàdì ní ilé kan tí wọ́n ń kó wáyà iná pamọ́ sí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe kù díẹ̀ kó fi iṣẹ́ lé ẹnì kejì ẹ̀ lọ́wọ́, àwọn olè já wọlé. Ó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì sá. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ èyí tó kù nígbà tí ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ̀ wọ́n: wọ́n ní àwọn ti dé ẹnu géètì kí ọ̀kan nínú wọn tó bojú wẹ̀yìn, tó rí i pé bàbá àgbà náà ń fa ìbọn, ó ń fà á, kò dún. Ni wọ́n bá gbé irin padà wá bá a. Ìbọn olójú mẹ́fà ni o. Ọta márùn-ún ṣì wà nínú ẹ̀, èyíkéyìí nínú wọn ì bá gba bàbá náà là, kò sí èyí tó jáde.

Kí ló wá há ìbọn? Àbúrò Bàbá, ẹni tí kò tú ìbọn rí láyé ẹ̀ ṣùgbọ́n tó mọ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ọ̀run, ní ìdọ̀tí ni. Ó ní ìbọn tí wọ́n bá nù dáadáa kì í há. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí, fóònù ni wọ́n ń nù. Ó sọ ọ́ nílé, ó sọ ọ́ nílé ìtura tó ti ń mutí, ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń bá a gé irun. Kó tó di pé ọ̀sẹ̀ yí po, àwọn aládùúgbò ti ń dákẹ́ bí Gogoro bá ń kọjá.

"Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ yẹn lọ́rùn sílẹ̀."

Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn nídìí tábìlì lọ́jọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n Gogoro, àkọ́bí Bàbá. Obìnrin ni, alágbẹ̀dẹ ìbọn sì ni, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbà gbọ́ pé obìnrin ń ṣe, àfìgbà tí wọ́n bá bá a nídìí rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ọwọ́-ò-gbọ̀n. Ọdún àkọ́kọ́ tó dé ṣọ́ọ̀bù ni ọta kan ṣèèṣì dún lórí tábìlì, gbogbo àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, òun nìkan ló ṣì di ìṣó tó ń wá ihò fún mú.

"Kí n fi í lọ́rùn sílẹ̀?" Àbúrò Bàbá yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi kú, o ní kí n fi í lọ́rùn sílẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n tú u wò ná, sà. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni mo bá níbẹ̀, ẹnu mi ni n ó fi sọ ọ́. Bí kì í bá ṣe ìdọ̀tí, ẹ ó bẹ̀ ẹ́, níwájú gbogbo wa."

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó o bá rí ni kó o sọ o. Má torí pé àbúrò ẹ ni kó o wá máa yí i po."

"Ohun tí mo bá rí ni n ó sọ."

Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ ẹ̀, kò dá sí i. Àbẹ́là ni Màmá ń ṣe, àbẹ́là aláwọ̀ búlúù tí kò sí ẹlòmíì tó ń ṣe irú ẹ̀, nítorí òun nìkan ló mọ bó ṣe ń po aró mọ́ ìda. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òkú Bàbá dé, kò tíì tan sítóòfù. Ìda ti dì pa nínú ìkòkò, eruku sì ti bà lé e. Tíì nìkan ló ń mu. Bí wọ́n bá gbé búrẹ́dì síwájú ẹ̀, á fọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó wá ń dun Ọwọ́-ò-gbọ̀n jù ni pé Màmá kò la ẹnu gbèjà Gogoro. Àbígbẹ̀yìn ẹ̀! Ọmọ tó jẹ́ pé nígbà tí olùkọ́ nà án nílé ìwé, Màmá fi ìda sílẹ̀ lórí iná, ó lọ bá olùkọ́ wọ̀yá ìjà. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń pe ọmọ yìí ní apani, ọ̀rá dúdú yẹn nìkan ló tẹjú mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá wà ní òpópónà àwọn oníṣẹ́ irin, láàárín ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ àti ẹni tó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe. Kò tóbi. Tábìlì gígùn kan, fáìsì méjì tí wọ́n fi ń di irin mú, pátákó tí wọ́n gbé irinṣẹ́ kọ́, àti àpótí ńlá tí wọ́n rọ iyanrìn kún nísàlẹ̀ ògiri, níbi tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò. Pátákó tuntun kan tún wà níbẹ̀ tó kọjú sí ògiri. Orúkọ Ọwọ́-ò-gbọ̀n ni wọ́n kọ sí i. Ojú Ọ̀gá ti ń ṣú, ó sì ti sọ fún àwọn oníbàárà pé bí oṣù bá parí, òun á jókòó sílé jẹun àgbà, ọmọ òun á gba ṣọ́ọ̀bù. Ó máa ń pè é lọ́mọ, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló bí i.

Ọwọ́-ò-gbọ̀n gbé ìbọn náà jáde nínú ọ̀rá, ó kọ ẹnu ẹ̀ sí iyanrìn. Ó kàn ń wo ìdí ìbọn náà, igi tí ọwọ́ Bàbá ti dì mú títí tó fi ń dán.

"Ṣé kí n bá ẹ tú u?" Ọ̀gá béèrè.

"Rárá, sà. Èmi ló gbọ́dọ̀ tú u."

Ìbọn tó bá há, ó níbi tí wọ́n ti ń wá ohun tó há a. Ilé ọta, nǹkan roboto olójú mẹ́fà tó máa ń yí, kò yí rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé ṣí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì gba àlàfo tó wà lábẹ́ ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni, ibẹ̀ ló máa ń kó sí. Kò sí ìdọ̀tí. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, epo díẹ̀ ń dán níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó gbọ́n ṣe máa ń fi epo sí i. "Gogoro, o káre," ló sọ jẹ́jẹ́, omi sì lé sí i lójú. Ó wo ọ̀pá àárín, bóyá ó wọ́. Kò wọ́. Ó wo iwájú, bóyá ọta kan ti sún síta láti inú èèpo ẹ̀, tó wá ki orí bọ ara irin, nítorí ọta tó bá wúwo ju ohun tí wọ́n ṣe ìbọn fún lọ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tó yọrí. Ó ku ẹ̀yìn. Ó gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fi í kọjá láàárín ìdí àwọn ọta àti irin tó wà lẹ́yìn wọn. Bébà kọjá, ó kọjá, ó wá dúró.

"Káàpù ni, sà."

Ọ̀gá fa àga ẹ̀ súnmọ́ ọn. Káàpù ni bọ́tìnì ide kékeré tó wà ní ìdí ọta, tí òòlù ìbọn máa ń gbá kí iná tó ṣẹ́. Nínú ihò tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ̀, ó yẹ kó wà ní pẹrẹsẹ. Èyí ti yọ orí síta, ó fi ara ti irin ẹ̀yìn, ó sì di gbogbo ilé ọta mú, bí ìgbà tí èèyàn bá ki òkúta kékeré sábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀, ó ń tì í, ó ń rọ̀ ọ́, kí ìbọn náà tó gbà láti ṣí. Ọta márùn-ún tó pé bọ́ sórí àkísà, pẹ̀lú èèpo kan tó ṣófo.

Èèpo tó ṣófo yẹn ló mú. Ó fi ojú wo inú ẹ̀. Ọta tó bá dún, inú èèpo ẹ̀ máa ń dúdú, ẹ̀tù á ti jó o. Èyí kò dúdú. Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn létí. Ó fi èékánná họ ọ́, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ìda ni. Ìda búlúù.

Ẹ gbọ́, kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Gbogbo ẹ̀ ló wọlé sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì jókòó.

Ní ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún, Bàbá yìnbọn fún ọmọ kan tó wá jí wáyà, ó bà á lórúnkún. Ọmọ náà kò kú, igi ló fi ń rìn báyìí, iwájú ilé wọn ló sì máa ń gbà lọ wọ bọ́ọ̀sì láràárọ̀. Màmá kò lè fara dà á. Á tilẹ̀kùn bó bá ti gbọ́ kò, kò, kò igi yẹn lórí títì. Ọjọ́ kan ló bú sẹ́kún lójú gbogbo wọn, ó ní, "Bàbá Gogoro, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ kan ti tó. Ẹ má gbé òmíràn wọlé bá mi mọ́, mo bẹ̀ yín." Bàbá kàn gbé ìbọn ẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n Bàbá máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù níbí lọ́jọ́ tó bá ń sinmi. Orí páálí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí, á máa dá àpárá, á máa fi Ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́ pé awò ojú ẹ̀ nípọn ju ìsàlẹ̀ ìgò lọ. Ọjọ́ kan ló bá Ọ̀gá níbi tó ti ń ṣe ọta ìda, èyí tí wọ́n fi ń dán ìbọn wò kó má baà lu ògiri. Ọ̀gá á mú èèpo ọta tí káàpù ti wà nídìí ẹ̀, á tẹ ẹnu ẹ̀ mọ́ ìda pẹlẹbẹ, ìda á gé wọ inú ẹ̀ roboto. Ó ti parí. Kò sí ẹ̀tù nínú ẹ̀, káàpù nìkan ló ń ti ìda jáde.

"Èyí ò lè pààyàn?" Bàbá béèrè.

"Á dùn ẹ́ bó bá bà ẹ́. Á bó ẹ lára. Kò ní pa ẹ́."

"Àmọ́ á dún?"

"Á pariwo díẹ̀, bí ẹni pàtẹ́wọ́."

"Èyí dáa o," ni Bàbá wí. Ó tún un sọ. Ọwọ́-ò-gbọ̀n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Ohun tí Bàbá kò rí ni ohun tí Ọ̀gá ti ṣe kó tó dé. Ọta gidi, bó bá dún, agbára ẹ̀tù máa ń ta gbogbo èèpo sẹ́yìn, ìyẹn ló ń tẹ káàpù padà wọlé. Ọta ìda kò ní agbára yẹn. Káàpù á kàn ta ara ẹ̀ síta ni, á dúró síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá fi máa ń fi irin lu ihò ìdí èèpo ọta ìda kó fẹ̀, kí iná lè gba iwájú lọ wẹ́rẹ́, tó sì máa ń fi ọ̀dà pupa kun ìdí wọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣèèṣì rọ ẹ̀tù sí i. Àwọn èèpo tó ti lu ló ń ki ìda sí lọ́jọ́ tí Bàbá wá. Bàbá kọ́ ìdajì iṣẹ́, ó lọ sílé. Kò sì lè béèrè ìdajì tó kù, torí gáàdì wo ló máa fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àbẹ́là ni òun fi ṣe ọta àkọ́kọ́?

Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló yọ́ ìda náà. Bàbá tí Màmá kì í jẹ́ kó súnmọ́ sítóòfù láti ọjọ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná sun kọ́tìnnì! Aró búlúù yẹn, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń jáde.

Ọ̀gá kò bi í léèrè. Ó mú èèpo kan tí wọn kò lu ihò ẹ̀, ó ki káàpù àti ìda sí i, ó nà án sí i. Ọwọ́-ò-gbọ̀n fi í sójú kan nínú ìbọn Bàbá, ó yìn ín sí iyanrìn. Ó dún pẹ́ẹ́, bí ẹni pàtẹ́wọ́. Ó tún fà á. Kò lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, eyín ẹ̀ há mọ́ra wọn, kò lọ. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, ó ń rí ohun tí Bàbá rí lówùúrọ̀ yẹn: àwọn èèyàn tó ń sá tí wọ́n wá yíjú padà. Ó sunkún débi pé Ọ̀gá ní láti gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó lọ sílé láti lọ sọ òótọ́. Òótọ́ á yọ Gogoro, ṣebí ohun tó ṣèlérí nìyẹn.

Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá Gogoro. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ bíi ti Sátidé, kò sì sí ìbọn lórí ẹ̀. Báàgì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, aṣọ ti kún inú ẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mi ò tíì mọ̀, Àǹtí mi. Ibi tó bá ti jìnnà." Ó ń ká etí ìwé ìròyìn, ó ń tú u. "Ṣé epo ni mo fi sí i jù? Ẹ sọ fún mi. Mo ti rò ó títí, mo sì mọ̀ pé mo nù ún dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà míì mo máa ń rò pé bóyá mo gbàgbé ojú ihò kan."

"O ò gbàgbé ojú kankan."

"Màmá gbà pé èmi ni. Ẹ ò kíyè sí i? Kò tíì wo ojú mi láti ọjọ́ yẹn. Mo kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀ lánàá, ó yíjú sí ògiri. Bàbá Kékeré lè máa sọ ohun tó bá wù ú. Màmá ni mi ò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ti dé ahọ́n ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó sọ pé, "Kì í ṣe ìwọ ni kò lè wò, ara ẹ̀ ni." Ó gbé e mì. Ó ní kí ó má tíì lọ, kí ó dúró di ọ̀la péré, ó sì wọlé lọ bá Màmá.

Yàrá iṣẹ́ tutù. Àwọn mọ́ọ̀dù àbẹ́là tò sí ara ògiri, òwú sì wà nínú àwo. Lórí tábìlì ìsàlẹ̀ ni ìda búlúù pẹlẹbẹ kan wà nínú páànù, ihò roboto kéékèèké wà lára ẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èèpo ọta gé e. Wọn kò tilẹ̀ gbé e pamọ́. Màmá rí i tó ń wò ó, ó sì na ọwọ́, ó fa aṣọ bò ó.

"Ṣé o ti tú u?"

"Mi ò tíì tú u tán, Màmá."

"Rọra tú u." Òrùka ìgbéyàwó ẹ̀ ti tú lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti fi òwú àbẹ́là wé e kó má baà jábọ́. "Bó o bá rí ohun tó há a, wàá sọ fún mi. Ohunkóhun tó bá jẹ́ o. Mo fẹ́ mọ̀. Mi ò lè fi ẹnu kan oúnjẹ títí n ó fi mọ̀, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá."

"Bẹ́ ẹ bá wá mọ̀ ńkọ́, Màmá?"

Màmá rò ó. "Bó bá jẹ́ ohun tí mo rò ni," ó ní, "ọ̀fun náà kò ní í ṣí mọ́."

Ọmọ ẹ̀ wo ọrùn ọwọ́ Màmá tó ti gbẹ, ó wo páànù tí aṣọ bò, ó sì jáde. Ó fẹsẹ̀ rìn padà sí ṣọ́ọ̀bù, kò wọ bọ́ọ̀sì. Ó ń bínú, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ó ń bínú sí Bàbá tí kò béèrè ìdajì iṣẹ́ tó kù. Ó ń bínú sí Màmá tó jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ máa gbé ẹrù tí kì í ṣe tiẹ̀. Ó ń bínú sí ara ẹ̀ tó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Bó ti ń bínú náà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò: bí òun bá sọ òótọ́, Màmá kú. Bí òun bá dákẹ́, Gogoro lọ, ó sì gbé orúkọ apani lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó há ìbọn yẹn.

Ọ̀gá wà nídìí tábìlì nígbà tó wọlé. Ọwọ́-ò-gbọ̀n tú ẹ̀gbẹ́ ìbọn náà, ó yọ sípíríǹgì wẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, èyí tó ń ti irin tó máa ń yí ilé ọta. Ó fi púláyà mú un, ó sì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dá.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mo ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni, sà."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Ìwọ lo fi sípíríǹgì yẹn sí i lọ́dún tó kọjá. Mo wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni."

"Ìdí tí mo fi mú un nìyẹn, sà. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé èmi ni mo fi í sí i."

"Ọmọ mi, ṣé o mọ bí ẹnu àwọn èèyàn ibí ṣe rí? Wọ́n á ní ọmọ tún ìbọn bàbá ẹ̀ ṣe, ìbọn há, bàbá kú. Ta ló máa gbé ìbọn wá fún ọ?"

"Kò sí, sà."

"Mi ò ní lè gbé pátákó yẹn kọ́ nìyẹn. Mo fẹ́, ṣùgbọ́n ebi á pa ẹ́ lábẹ́ ẹ̀."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ má bínú."

"Èmi kọ́ ni kó o bẹ̀," ni Ọ̀gá wí, ohùn ẹ̀ sì yí padà. Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òpópónà tí kò rí dáadáa mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pé jọ sí pálọ̀. Àbúrò Bàbá gba àga Bàbá, Gogoro dúró lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú báàgì ẹ̀ lẹ́sẹ̀, Màmá sì wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́. Ọwọ́-ò-gbọ̀n kò jókòó. Ó fi ọ̀rá dúdú tí ìbọn wà nínú ẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀. Ó gbé sípíríǹgì tó dá sí méjì sórí tábìlì, níbi tí ọ̀rá dúdú wà níjọ́sí.

"Èyí ló há a. Òun ló máa ń yí ilé ọta. Ó dá lẹ́yìn tí Bàbá yìnbọn àkọ́kọ́. Èmi ni mo fi í sí i. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, mi ò fi iná mú un gbóná bó ṣe yẹ kó lè lágbára, mo sì mọ̀ pé mi ò mú un gbóná bó ṣe yẹ, mo sì gbé e fún Bàbá bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdọ̀tí kankan nínú ìbọn yẹn. Mi ò rí ìbọn tó mọ́ tó ìyẹn rí."

Gogoro ló kọ́kọ́ mí, ó mí bí ẹni tó jáde lábẹ́ omi, ó sì fi ọwọ́ bo ojú.

"Bàbá Kékeré," ni Ọwọ́-ò-gbọ̀n wí, "ẹ ṣèlérí."

Àbúrò Bàbá fi ahọ́n lá ètè. Ó le fún un o, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́: "Gogoro, má bínú. Mo ṣì ẹ́ mú." Ó sì yíjú sí Ọwọ́-ò-gbọ̀n, ìbínú tó ti kó jọ fún ọmọ kan kò lè ṣòfò. "Ìwọ! Ìwọ tó dúró níbí, tó ń pàṣẹ fún mi pé kí n bẹ ọmọ! Àgbẹ̀dẹ kọ́ lo kọ́, ikú lo kọ́. Bàbá tó ta ẹ̀wù ẹ̀ kó o lè kọ́ṣẹ́!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ló mọ̀ ọ́n sọ!"

"Dákẹ́," ni Màmá wí.

Ó ti dìde. Ó wá síbi tábìlì, ó mú irin kékeré yẹn, ó gbé ìdajì kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé ìdajì kejì tì í. "Sípíríǹgì ni?"

"Sípíríǹgì ni, Màmá."

"Kò sí nǹkan míì níbẹ̀? O wo inú ẹ̀ dáadáa? Inú ihò àwọn ọta?"

"Mo wò ó, Màmá. Kò sí nǹkan míì."

"Wo ojú mi."

Ó wo ojú ìyá ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ kò gbọ̀n, ojú ẹ̀ kò yẹ̀, ó sì tún un sọ. Màmá jókòó sórí àga tó wà nítòsí. Búrẹ́dì tí Gogoro gé láàárọ̀ ṣì wà lórí tábìlì. Ó fa àwo náà súnmọ́ra, ó bu díẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ títí ó fi gbé e mì. Ó tún bù ú. Omijé ń dà sórí búrẹ́dì náà, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀.

"Gogoro, wá síbí," ó ní. Ọmọ náà wá kúnlẹ̀. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú ẹ̀ mú, ó wò ó, ó wò ó, bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. "Dáríjì mí. Gbé báàgì yẹn wọlé. Kó o sì lọ bá mi tan sítóòfù."

Gogoro wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kó tó lọ. Kò lè pinnu bóyá kí ó dì mọ́ ọn tàbí kí ó kọjá lára ẹ̀. Ó kọjá.

Ọwọ́-ò-gbọ̀n fẹ́ fọwọ́ kan èjìká ìyá ẹ̀. Màmá sún kúrò.

"Mo rò pé àbẹ́là mi ni," ni Màmá wí. Búrẹ́dì ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kò gbé ojú sókè. "Gbogbo ọjọ́ yìí, mo rò pé àbẹ́là mi ló pa á. Àṣé ìwọ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Máa lọ sílé ẹ. Mi ò tíì lè rí ẹ."

Ó gbé ọ̀rá dúdú náà, ó sì jáde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá iṣẹ́ kọjá, ó gbọ́ tí Gogoro ṣá ìṣáná, tí Màmá ń sọ fún un pé kó dín iná kù, ìda ò fẹ́ iná tó pọ̀. Ohùn Màmá ti le padà bíi ti tẹ́lẹ̀.